Nahariya, 1979: kí ló dé tí ààrẹ odindi orílẹ̀-èdè fi jáde lọ pàdé Samir Kuntar?

Adéṣẹwà_T

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí mo wà, ẹnìkan gbé àwòrán Samir Kuntar síta, ó ní akọni tó fi ọdún 29 ṣẹ̀wọ̀n nítorí Palẹsítínì ni. Ẹlòmíì dá a lóhùn pé apọmọ ni. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi di èébú, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo bá lọ wá a kà.

Ohun tí mo rí rèé. Lóru ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 1979, ọkùnrin mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Palestine Liberation Front, ẹgbẹ́ agbébọn àwọn ará Palẹsítínì kan, gbéra láti Lẹ́bánónì nínú ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Nahariya, ìlú etí òkun kan ní àríwá Ísírẹ́lì. Kuntar ló ṣáájú wọn, ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà. Wọ́n pa ọlọ́pàá kan. Wọ́n já wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ìdílé púpọ̀ ń gbé, wọ́n mú ọkùnrin ẹni ọdún 31 kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún 4, wọ́n wọ́ wọn lọ sétí òkun. Nígbà tí àwọn sójà Ísírẹ́lì dé tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró, àwọn agbébọn náà yìnbọn pa bàbá. Ilé-ẹjọ́ ní Kuntar wá fi ìdí ìbọn fọ́ orí ọmọ náà mọ́ àpáta. Ìyá ti sá sórí àjà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kejì, ọmọ ọdún 2. Ó fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu kó má baà ké. Ọmọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 2008, Ísírẹ́lì tú Kuntar sílẹ̀. Ààrẹ Lẹ́bánónì àti olórí ìjọba rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Beirut. Wọ́n fún gbogbo ìlú ní ìsinmi.

Mi ò béèrè ẹni tó jàre nínú ogun Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì o. A ò lè parí ìyẹn níbí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé: ṣé wọn ò mọ ohun tó ṣe ni, àbí wọ́n mọ̀, kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn?

Kọ́lá_Olóòótọ́

Kí la tún ń béèrè? Wọ́n mọ̀. Inú wọn dùn sí i ni. [Alábòójútó ti yọ gbólóhùn méjì kúrò níbí.]

Alábòójútó

Kọ́lá, o lè bínú bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n o ò ní pe odindi ẹ̀yà ní ẹranko lójú-òpó yìí. Ìkìlọ̀ kan rèé.

BàbáRẹ̀mí

Ṣẹwà, o kú akitiyan. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ kò sí nínú méjèèjì tí o kà sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn wà lọ́tọ̀. Kuntar sẹ́ nílé-ẹjọ́, ó sì dúró lórí rẹ̀ títí tó fi kú, pé òun kọ́ lòun pa ọmọ yẹn, pé ìbọn àwọn sójà Ísírẹ́lì ló bà á nígbà tí wọ́n ń yìn ín mọ́ra wọn. Ìtàn yìí ló délé dóko ní Lẹ́bánónì, ẹni tí kò bá sì fẹ́ wádìí, ó ti rí nǹkan dì mú.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé ààrẹ dé pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tó fi máa di ọdún 2008, Kuntar ti kọjá ẹyọ ènìyàn kan, ó ti di àsíá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ já ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Ítálì kan gbà, Achille Lauro, ní ẹ̀gbẹ́ Íjíbítì. Wọ́n ní kí Ísírẹ́lì tú ẹlẹ́wọ̀n 50 sílẹ̀, orúkọ Kuntar sì wà nínú ohun tí wọ́n bèèrè. Wọ́n pa bàbá arúgbó ọmọ Amẹ́ríkà kan, ẹni ọdún 69, tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, wọ́n jù ú sókun. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, Hezbollah, ẹgbẹ́ agbébọn àti òṣèlú kan ní Lẹ́bánónì, àti Ísírẹ́lì ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló jáde, wọ́n fi Kuntar sẹ́yìn nínú ẹ̀wọ̀n nítorí pé Ísírẹ́lì fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣe Ron Arad, awakọ̀ òfuurufú ogun wọn tó sọnù sí Lẹ́bánónì lọ́dún 1986. Nasrallah, olórí Hezbollah nígbà náà, búra pé òun á gbà á jáde.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2006, Hezbollah sọdá ààlà, wọ́n gbé sójà Ísírẹ́lì méjì, Ehud Goldwasser àti Eldad Regev. Ogun bẹ́. Ọjọ́ 34 ló gbà. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú ní Lẹ́bánónì, ará ìlú ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì lé ní 150 tó kú ní Ísírẹ́lì. Sọ fún mi, lẹ́yìn irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, olóṣèlú wo ló máa dìde ní Beirut kó ní ọkùnrin tí wọ́n torí rẹ̀ jà yẹn kì í ṣe ẹni àmúyangàn?

Tún wo àsìkò náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008 yẹn kan náà ni àwọn agbébọn Hezbollah gba ìwọ̀-oòrùn Beirut mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n lọ parí ìjà ní Doha, ní Qatar. Opin oṣù náà ni Michel Suleiman di ààrẹ, ìjọba àjùmọ̀ṣe kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Kuntar fi bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù. Fouad Siniora tó jẹ́ olórí ìjọba, ọ̀tá Hezbollah ni nínú òṣèlú, ó sì wà ní pápákọ̀ náà. Ẹni tí kò bá lọ ni wọn ì bá máa bi léèrè.

Adéṣẹwà_T

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọmọ yẹn ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

BàbáRẹ̀mí

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n_Gbénró

Ká tún wo ọ̀dọ̀ àwọn tó tú u sílẹ̀ náà. Kí ni Ísírẹ́lì gbà? Òkú méjì. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìdílé àwọn sójà méjèèjì kò tíì mọ̀ dájú bóyá ọmọ wọn wà láàyè. Àfìgbà tí àwọn Hezbollah gbé pósí dúdú méjì jáde lẹ́nu ààlà níwájú kámẹ́rà. Wọ́n fi Kuntar, ọmọ ogun Hezbollah mẹ́rin àti òkú bíi 200 dí i. Ìgbìmọ̀ mínísítà Ísírẹ́lì dìbò sí i, 22 fara mọ́ ọn, 3 kọ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 1985, ẹlẹ́wọ̀n 1,150 ni wọ́n fi gba sójà mẹ́ta. Lọ́dún 2011, 1,027 fún Gilad Shalit nìkan, sójà kan tó wà lọ́wọ́ Hamas ní Gaza. Yahya Sinwar, tó padà di olórí Hamas ní Gaza, wà nínú àwọn 1,027 yẹn. Gbogbo wa la mọ ìkọlù tí Hamas wá ṣe sí Ísírẹ́lì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé èèyàn, kó wo ohun tí wọ́n ń rí gbà. Kódà ìdílé tí wọ́n wá bá ní Nahariya, gbígbé ni wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ sí Lẹ́bánónì. Ọjà ni wọ́n wá rà.

Tìjání_Ọmọ_Alfa

Assalamu alaykum, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣe ní Nahariya, haramu ni. Kò ní "ṣùgbọ́n" lẹ́yìn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, kọ̀ fún àwọn jagunjagun pé wọn ò gbọdọ̀ pa obìnrin àti ọmọdé. Ó wà nínú ìwé hadith Bukhari, ó wà nínú ti Muslim. Abu Bakr náà, nígbà tó ń rán ọmọ ogun lọ sí Sháàmù, ó kà á fún wọn: ẹ má pa obìnrin, ẹ má pa ọmọdé, ẹ má pa arúgbó, ẹ má gé igi eléso lulẹ̀. Ẹni tó bá pa ọmọ ọdún 4, kó má fi ẹ̀sìn mi bojú. Ó sì yẹ ká rántí pé ẹgbẹ́ Kuntar kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Druze ni òun fúnra rẹ̀ nípa ìdílé, ìyẹn ẹ̀yà ẹ̀sìn kékeré kan ní Lẹ́bánónì àti agbègbè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní àwọn torí rẹ̀ lọ ni àdéhùn àlàáfíà tí Íjíbítì àti Ísírẹ́lì fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 1979. Ọmọ ọdún 4 kò fọwọ́ sí àdéhùn kankan.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ nìyí. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdílé tí ogun wọlé bá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dé ibi tó dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kan pa ará ìlú 38 nínú bọ́ọ̀sì ní etí òkun Ísírẹ́lì, ọmọdé 13 wà nínú wọn, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ya wọ gúúsù Lẹ́bánónì, àìmọye ará abúlé ló kú tàbí tó sá kúrò nílé. Ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1996, àgbá ogun Ísírẹ́lì bà lé ọgbà Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Qana, ará ìlú tó sá wọ ibẹ̀ tó kú jẹ́ 106. Àwọn wọ̀nyí náà ní ìyá. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kọ́lá_Olóòótọ́

Ó ti dé! "Kò ní ṣùgbọ́n lẹ́yìn," ìpínrọ̀ kejì wá jẹ́ kìkì ṣùgbọ́n. Alfa, àgbá ogun tó ṣìnà yàtọ̀ sí ẹni tó di ọmọ mú tó fọ́ ọ lórí.

Tìjání_Ọmọ_Alfa

Ó yàtọ̀ fún ẹni tó yìn ín. Fún ọmọ tó kú, sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi.

Lọ́yà_Àjàní

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, nítorí òfin ti sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ẹ ti ń fa okùn yìí.

Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́ lójú òfin, Tìjání. Ẹni tó dìídì dojú kọ ará ìlú ti dá ọ̀ràn ogun, kò sí àwáwí kankan tó lè gbà á. Ẹni tó dojú kọ ibùdó ọ̀tá tí ará ìlú wá bá a rìn, wọ́n máa bi í léèrè: ṣé o ṣe ìṣọ́ra tó yẹ? Ṣé ohun tí o fẹ́ rí gbà nínú ogun tó ẹ̀mí tí o mọ̀ pé ó máa ṣòfò? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, òun náà ti dá ọ̀ràn. Nítorí náà, Kọ́lá, "ó ṣìnà" kì í ṣe ìwé ìdáríjì tí a kàn ń pín fún ológun.

Nahariya kò nílò àríyànjiyàn kankan. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 kọ pípa ẹni tí kò gbé ohun ìjà, ó sì kọ mímú èèyàn ní òǹdè láti fi ṣòwò. Abala kẹta tó wà nínú àwọn àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin de ẹgbẹ́ agbébọn bó ṣe de ìjọba. Àfikún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lọ́dún 1977, abala 51, ṣe é ní kedere: ará ìlú kì í ṣe ohun tí à ń kọlù, a ò sì gbọdọ̀ dá ẹ̀rù bà wọ́n láti fi jagun. Ísírẹ́lì kò fọwọ́ sí Àfikún náà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ yìí ti di òfin àṣà tó de gbogbo ayé.

Abala kan náà tún ní ìlà kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka òkú ara yín síra yín lójú fi sọ́kàn. Ó ní bí apá kan bá rú òfin, apá kejì kò bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe tirẹ̀ sí ará ìlú. Qana kò fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda Nahariya. Nahariya kò fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda Qana. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ìyá_Mojí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Kuntar, Kuntar, Nasrallah, ààrẹ, mínísítà. Obìnrin tó wà lórí àjà ńkọ́?

Ẹ fara balẹ̀ wo ibi tó wà. Àyè kékeré lókè yàrá ni, ó ṣókùnkùn, aládùúgbò rẹ̀ obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin náà nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ ìbọn. Ọmọ ọdún 2 lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó ti gbé ọmọ ọdún 2 rí, ẹ mọ̀ pé a kì í bá a dọ́gbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ké, gbogbo wọn lọ. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan lọ́dún 2003, ó ní bí òun ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìtàn tí ìyá òun máa ń sọ ló ń wá sí òun lọ́kàn, bí ìyá òun ṣe sá pamọ́ fún àwọn Nazi. Ó ní òun rò ó nínú ara òun pé ohun tó ṣe ìyá òun gan-an ló dé bá òun yìí.

Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀, ọmọ náà ti kú. Ọkọ ti kú. Ọmọ àgbà ti kú. Ẹ̀mí mẹ́ta kúrò nínú ilé ẹni mẹ́rin láàárín òru kan, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ tó fi ń gbà á là. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọkùnrin fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òfin àti òṣèlú. Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Mo kàn ní kí n dárúkọ ìyá ni.

Adéṣẹwà_T

Mà, mo ka ti orí àjà yẹn, mo pa fóònù dé. Ẹ ṣé tí ẹ mẹ́nu bà á.

Lọ́yà, ìbéèrè kan sà. Ọmọ ọdún 16 ni Kuntar. Ẹni tó gbé àwòrán rẹ̀ síta ní ọmọdé ni òun náà, àwọn àgbà ló gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ṣé ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú òfin?

Lọ́yà_Àjàní

Ó já mọ́ nǹkan. Kò pa ẹ̀bi rẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó kan ìjìyà. Lóde òní, Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ọdún 1989, sọ pé ẹni tó dá ọ̀ràn kó tó pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jẹ ìjìyà ikú, wọn ò sì gbọdọ̀ dá a sẹ́wọ̀n gbére láìsí ọ̀nà tó lè gbà jáde. Lọ́dún 1980 tí wọ́n dá ẹjọ́ Kuntar, àdéhùn yẹn kò tíì sí, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n gbére lórí ẹ̀wọ̀n gbére fún un, wọ́n fi ọdún 47 lé e.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n gbèjà rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ orí yẹn ni mo máa dì mú, ọwọ́ mi ò sì ní kúrò níbẹ̀. Mo máa tọ́ka sí Abu Abbas, olórí Palestine Liberation Front, àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà tó jókòó sí Lẹ́bánónì, tí wọ́n rán ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù láti lọ gbé ìdílé ẹlòmíì. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń gbà láyè nítorí pé ọmọdé ni, ó yẹ kó dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 45 ló jáde ní 2008, aṣọ ogun ló wọ̀ lọ sórí pèpéle ayẹyẹ, kò sì kábàámọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Gbénró

Ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ mú láàyè, ọdún 1985 ló ti jáde ní tirẹ̀, nínú àwọn 1,150 yẹn. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Kuntar tí wọ́n fi sẹ́yìn ló di gbajúmọ̀.

Kọ́lá_Olóòótọ́

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi Kuntar sílẹ̀. Itamar ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Awarta, abúlé àwọn ará Palẹsítínì kan, fo wáyà wọ ibùgbé àwọn Júù yẹn ní Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì. Wọ́n pa bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta nínú ilé wọn. Ìkẹta nínú àwọn ọmọ yẹn, oṣù mẹ́ta péré ni. Ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún 12 ló darí délé lóru láti ibi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Ìyẹn kì í ṣe 1979 o.

Tìjání_Ọmọ_Alfa

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kórìíra rẹ̀. Mahmoud Abbas, ààrẹ àwọn ará Palẹsítínì, fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò Ísírẹ́lì láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére márùn-ún fún ẹnìkọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì.

Ìwọ náà, o gbọ́ ti Duma? Òru ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2015. Àwọn ará Palẹsítínì kan ń sùn nínú ilé wọn ní abúlé. Ẹnìkan láti inú àwọn Júù tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà ju iná sí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n kọ "ẹ̀san" sára ògiri ní èdè Hébérù. Ọmọ oṣù 18 jóná kú lóru náà. Bàbá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá kú ní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 4 kan ló kù nínú wọn, ara rẹ̀ sì bó gan-an. Lọ́dún 2020 ni ilé-ẹjọ́ Ísírẹ́lì dá Amiram Ben-Uliel lẹ́bi, ó gba ẹ̀wọ̀n gbére mẹ́ta.

Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ayẹyẹ, ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, fídíò ìgbéyàwó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Ísírẹ́lì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń jó, wọ́n na ìbọn àti ọ̀bẹ sókè, ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀bẹ gún àwòrán ọmọ oṣù 18 tó jóná yẹn.

Kọ́lá_Olóòótọ́

Mo rí fídíò yẹn. Netanyahu tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ààrẹ kankan kò lọ síbi ìgbéyàwó yẹn.

BàbáRẹ̀mí

Kọ́lá sọ ohun kan tó tọ́ níbẹ̀, kó má bọ́ sọ́wọ́ aríwo. Tìjání náà sọ òótọ́. Oníwà burúkú wà níhà méjèèjì, apààyàn sì wà níhà méjèèjì tó wọlé lóru bá ọmọ tó ń sùn. Ìbéèrè tí Ṣẹwà bá wá ni ti ìjọba. Nígbà tí ẹni tirẹ bá ṣe irú èyí, ta ló máa dájọ́ rẹ̀? Wọ́n mú Ben-Uliel, orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ló sì dá a lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní oṣù márùn-ún kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àwọn ará Palẹsítínì sì ń ṣàròyé títí dòní pé ìkọlù àwọn alátìpó wọ̀nyẹn kì í sábà dé ilé-ẹjọ́. Orílẹ̀-èdè ti Kuntar kò tilẹ̀ bi í léèrè.

Mo fi kún ti Ìyá Mojí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé obìnrin yẹn ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n kó ní wọn ò ní tú apààyàn náà sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ náà dé lọ́dún 2008, ó ní Kuntar kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n tòun, pé ìjọba ni kó pinnu ohun tó bá tọ́ fún ìlú. Kò ní òun dárí jì í. Kò sì fi ìrora rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ àwọn ìdílé sójà méjì tó ń dúró de ọmọ wọn.

Ìyá_Mojí

Àwọn kan kì í ṣe ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n_Gbénró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìparí rẹ̀: Kuntar wọ ẹgbẹ́ Hezbollah, ó lọ jagun ní Síríà ní ìhà ọ̀dọ̀ Assad, ààrẹ Síríà nígbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí. Oṣù Kejìlá ọdún náà, bọ́ǹbù wó ilé tó wà ní Jaramana, lẹ́bàá Damascus, mọ́ ọn lórí. Hezbollah ní Ísírẹ́lì ni. Ísírẹ́lì kò ní òun ni, kò ní òun kọ́. Inú wọn dùn ṣá.

Adéṣẹwà_T

Mo ti kó díẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ lọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé àwòrán síta dá mi lóhùn: "Ìbọn sójà ló pa ọmọ yẹn, Júù ló parọ́ mọ́ ọn." Ohun tó tẹnu mọ́ nìyẹn. Lọ́yà, kí ni mo lè sọ fún un?

Lọ́yà_Àjàní

Má bá a jà. Sọ fún un pé dókítà tó yẹ òkú wò ti jẹ́rìí nílé-ẹjọ́ pé ohun líle ni wọ́n fi lù ú lórí, irú bí ìdí ìbọn, ìyẹn ló sì pa á.

Bó bá ní ilé-ẹjọ́ ọ̀tá ni, kò gbà á gbọ́, jẹ́ kó di ìyẹn mú. Kó wá dá ọ lóhùn lórí apá tí Kuntar fúnra rẹ̀ kò sẹ́: wọ́n dé ilé ènìyàn láàjìn, wọ́n mú ọmọ ọdún 4 kúrò níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sétí òkun níbi tí wọ́n mọ̀ pé àwọn sójà máa bá wọn. Kódà bí ó bá jẹ́ ọta sójà ló bà á, ta ló gbé e dé iwájú ìbọn?